Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Oúnjẹ Ran Oògùn Làkúrègbé Lọ́wọ́

Iyán ni mò ń tà ní Iléṣà, lápá Òkèsà. Àwọn oníbàárà mi mọ̀ pé làkúrègbé ń bá mi jà, torí wọn kì í rí mi nídìí odó mọ́. Ọmọ àbúrò mi ló ń gún un. Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó jẹun ló ní oògùn tiẹ̀ fún mi. Èyí á ní kí n má jẹ tòmátò mọ́, ọ̀hún á ní ẹran màlúù ló fà á. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹran mẹ́rin tán nínú ọbẹ̀ mi á nu ẹnu, á ní, "Ìyá Oníyán, ẹ pa oògùn òyìnbó yẹn tì jàre, ẹ lọ máa mu omi ewúro." Mo máa ń ní wọ́n ṣeun. Àmọ́ èmi tí oúnjẹ ń bọ́ ni mo ń sọ ọ́: oúnjẹ kò lè dá àrùn yìí dúró. Oògùn ló ń dá a dúró. Oúnjẹ lè bá oògùn gbé lára ẹrù náà, ó sì níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Iṣẹ́ tó jẹ́ ti oògùn àti iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìkòkò ọbẹ̀ ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, kí ọ̀kan má baà ba èkejì jẹ́.

Kí ẹ tó yí oúnjẹ padà, kí ẹ tó ra oògùn kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń ṣe yín. Orúnkún tó ń dun ìyá àgbà torí pé ó ti fi rìn láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ìrìn ló máa ń dá a lágara, bó bá sinmi á fúyẹ́. Èyí tí mò ń sọ, tí àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis, ìsinmi gan-an ló máa ń jẹ́ kó le. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó máa gbógun ti kòkòrò àìsàn, ló yíjú padà tí wọ́n ń bá awọ inú oríkèé jà. Awọ náà á wú, á gbóná, bó bá sì pẹ́ á máa jẹ eegun. Oríkèé kéékèèké ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú: ìka ọwọ́, ọrùn ọwọ́, ìka ẹsẹ̀. Bó bá mú ọ̀tún, á mú òsì. Láàárọ̀ ọwọ́ á gan, kò ní ṣeé ká, ó sì lè lé ní wákàtí kan kó tó rọ̀. Á máa rẹ èèyàn láìṣiṣẹ́. Àwa obìnrin ló ń mú jù, nǹkan bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ọkùnrin, kì í sì í ṣe àrùn arúgbó nìkan.

Dókítà á tẹ oríkèé yín wò, á ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: rheumatoid factor, anti-CCP, àti ESR tàbí CRP tó ń fi bí wíwú inú ara ṣe pọ̀ tó hàn. Rheumatoid factor nìkan kò tó ẹ̀rí. Ó wà lára àwọn kan tí nǹkan kan ò ṣe, kò sì sí lára àwọn mìíràn tí ọwọ́ wọn ti ń wọ́. Ilé ìwòsàn Wesley Guild tó wà níbí wà lábẹ́ ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, nítorí náà ẹ bèèrè níbẹ̀ bí ẹ ṣe máa rí dókítà tó mọ̀ nípa oríkèé. Ẹ má fi falẹ̀. Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ ni àrùn yìí ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí jẹ eegun, èyí tó bá sì ti jẹ kì í hù padà, ìbáà ṣe ẹ̀fọ́ ìlú wo lẹ jẹ.

Methotrexate ni àgbà nínú àwọn oògùn rẹ̀. Bí ẹ bá ka ìwé inú páálí, ẹ̀rù á bà yín, torí ẹ ó rí i pé oògùn jẹjẹrẹ ni. Òótọ́ ni, ibẹ̀ ló ti wá. Ìwọ̀n tí wọ́n ń fún oníjẹjẹrẹ pọ̀ fíìfíì ju tiwa lọ, láti 1988 sì ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún làkúrègbé yìí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó. Mo tún un sọ: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ bí ẹni ń lo oògùn ibà ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré, torí ó máa ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, ó sì ti pa àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ rí. Nítorí náà ẹ mú ọjọ́ kan. Alẹ́ Sátidé ni tèmi, torí pé èébì máa ń gbé mi díẹ̀ lọ́jọ́ kejì rẹ̀, n kì í sì í gbé ìkòkò kaná ní Sọ́ńdè. Mo fi bírò dúdú kọ SÁTIDÉ NÌKAN gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀, títí kan ọmọ tó ń bá mi gbé àpò oògùn, pé bí mo bá bèèrè rẹ̀ ní Ọjọ́rú kí wọ́n má fún mi.

Ẹ tún máa wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i. Hóró 2.5 mg wà, ti 10 mg náà wà. Bó bá jẹ́ hóró mẹ́rin ti 2.5 mg lẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀, tí ilé oògùn wá kó 10 mg fún yín, ẹyọ kan péré ló dọ́gba pẹ̀lú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má jẹ́ kí ó ti ẹnu yín lọ láìwò ó.

Wọ́n á fún yín ní folic acid mọ́ ọn, tí ẹ ó máa lò lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹnu má baà máa bó, kí inú má baà máa ru. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ní folate, ìyẹn irú folic acid tó wà nínú oúnjẹ, lóòótọ́, mo sì ń jẹ wọ́n dáadáa, ìyẹn ò ní kí n fi hóró yẹn sílẹ̀. Ẹ ó máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti iye ẹ̀jẹ̀, léraléra níbẹ̀rẹ̀, tó bá yá á máa jẹ́ oṣù méjì mẹ́ta síra. Ẹ fi ọtí sílẹ̀, paraga tí wọ́n ń pè ní oògùn ẹ̀yìn wà nínú rẹ̀. Obìnrin tó ṣì ń bímọ kò gbọdọ̀ lóyún sórí methotrexate, torí ó máa ń ba ọmọ inú jẹ́. Kí ẹ tó gbèrò oyún, ẹ sọ fún dókítà kó yọ yín kúrò lórí rẹ̀, kó fi èyí tí aboyún lè lò rọ́pò. Ẹ sì ní sùúrù fún un. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá kí ẹ tó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Àárín ìgbà yẹn ni aládùúgbò máa ń gbé àgbo dé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí, ìyẹn Septrin. Inú bá ṣu wá báyìí, Septrin la ó sáré rà. Septrin àti methotrexate, folate kan náà ni wọ́n jọ ń gbógun tì nínú ara, bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi tí wọ́n á fi dá èèyàn dúró sí ilé ìwòsàn. Fansidar tí wọ́n ń lò fún ibà náà wà nínú agbo ilé yẹn. Ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì kò ní bi yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ la ẹnu: "Ẹ̀gbọ́n, methotrexate ni mò ń lò o, ṣé èyí bá a mu?" Bó bá ń wo yín lójú bí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ yẹn rí, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, ẹ lọ síbòmíràn.

Hydroxychloroquine, oògùn ibà ayé àtijọ́, rọrùn ju methotrexate lọ lára, àmọ́ ojú ni kí ẹ máa ṣọ́. Kí dókítà ojú wò yín níbẹ̀rẹ̀, bó bá sì ti tó ọdún márùn-ún, kó máa wò yín lọ́dọọdún. Sulfasalazine náà wà. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ oògùn tó ní sulfa kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, ìtọ̀ sì lè pọ́n bí ẹ bá ń lò ó, kẹ́rù má bà yín.

Prednisolone, oògùn tó ń tètè mú wíwú rọ̀, ló gba kí n jókòó tì. Ní 1948, ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, dókítà Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún obìnrin kan tí àrùn yìí ti dè mọ́lẹ̀ ní cortisone, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n prednisolone. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ obìnrin náà ń rìn. Ní 1950 wọ́n fún Hench àti àwọn méjì mìíràn ní ẹ̀bùn Nobel. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó rí ìyókù: ojú ń wú, ṣúgà ń gun òkè nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ru, eegun ń fẹ́lẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n mẹ́nu ba ìtàn yìí ni àwọn ẹ̀tù àti àgbo tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì. Bí ọwọ́ tó ti wú láti ọdún tó kọjá bá rọ̀ lọ́jọ́ kẹta tí ẹ lo nǹkan tí kò lórúkọ, tí oúnjẹ ń wù yín jẹ lódìlódì, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín sì ń yi, ẹ fura. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti lọ irú oògùn yìí mọ́ ọn. Ẹ gbé e dání lọ fi han dókítà.

Dókítà náà lè fún yín ní prednisolone ìwọ̀n kékeré fún ìgbà díẹ̀, kí methotrexate tó gbérí; kò burú. Bó bá ti pẹ́ tí ẹ ti ń lò ó, ẹ má já a sílẹ̀ lójijì, torí ara ti dẹ́kun pípèsè tirẹ̀, àárẹ̀ tó ń gbé èèyàn ṣubú lè tẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù.

Diclofenac àti Feldene ńkọ́? Ìrora ni wọ́n ń pa. Ẹni tó gbára lé wọn nìkan dà bí ẹni tó ń gbọ́n omi ilẹ̀ yàrá tí òrùlé ṣì ń jò. Ẹ jẹun kí ẹ tó lò ó, ẹ má lo oríṣi méjì pọ̀, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ò pé kó bèèrè kó tó gbé e mì.

Ó wá ku ìkòkò. Ní 2022, American College of Rheumatology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà, gbé ìmọ̀ràn jáde lórí oúnjẹ. Nínú gbogbo ìlànà oúnjẹ tí wọ́n ń pariwo kiri, ti àwọn ará etí òkun Mediterranean nìkan ni wọ́n ní a lè gbìyànjú, ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Eré ìdárayá ni wọ́n fi gbogbo ẹnu sọ. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ òkun yẹn lé yín sá. Mo wò ó títí: ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso àti ẹ̀pà ló pọ̀ níbẹ̀, ẹran pupa àti ṣúgà ò pọ̀. Kí ló wà níbẹ̀ tí kò sí lọ́jà Àtàkúnmọ́sà? Òróró ólífì wọn ni, n kò sì rí ìdí tí ẹni tí owó oògùn ń dùn yóò fi máa sáré kiri nítorí ẹ̀.

Ẹja ni mo fi ṣe olórí. Ohun tí à ń wá nínú ẹja ni ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní omega-3, ó ń bá wíwú oríkèé jà díẹ̀, inú títù, ṣáwá àti sadín ló sì pọ̀ sí. Pánlá dùn, àmọ́ kò lọ́ràá. Mo máa ń ra odidi títù, mo gé e sí ègé, mo fi àlùbọ́sà, ata rodo àti iyọ̀ díẹ̀ sè é lórí iná tí kò le, mo dé e. Bó bá jinná, ẹ ó rí ọ̀rá tó ń dán lójú omi rẹ̀. Omi yẹn kò gbọdọ̀ dànù. Inú ẹ̀fọ́ ni mo ń dà á sí, kí n tó fi epo ṣíbí kan lé e. Àwọn tó ń din ẹja títí tó fi ń dún pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ lẹ́nu, inú epo dídín ni púpọ̀ nínú ọ̀rá náà ń kú sí. Ẹ jẹ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín: ìwọ̀n tó dín ìrora kù nínú àwọn ìwádìí máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta omega-3 lójúmọ́, fún oṣù mélòó kan, ègé ẹja tí ẹ fi jẹ iyán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò tó bẹ́ẹ̀. Epo ẹja ni wọ́n mu nínú àwọn ìwádìí yẹn, wọn kò sì fi oògùn wọn sílẹ̀.

Iyán ńkọ́? Èmi tí mo ń tà á, mo ń jẹ ẹ́. Iyán kò ṣe oríkèé ní nǹkan kan. Bí òkìtì rẹ̀ ṣe ga tó nínú abọ́ ni ẹjọ́ wà, torí ara tó wúwo ń tẹ orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, oògùn pàápàá kì í ṣiṣẹ́ dáadáa tó lára ẹni tó sanra jù. Mo yí abọ́ tèmi padà: ẹ̀fọ́ àti ẹja ló gba ìdajì, iyán gba èyí tó kù. Àwọn oníbàárà mi kò ní gbà kí n ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn, n kò sì bá wọn jà, owó wọn ni.

Ní ti tòmátò àti ata, kò sí ẹ̀rí pé àwọn ló ń fa àrùn yìí tàbí pé gbogbo wa ló yẹ ká sá fún wọn. Ó lè jẹ́ pé ohun kan wà tí ara tiyín ò fẹ́. Bí ẹ bá fura sí nǹkan, ẹ dán an wò bó ṣe yẹ. Ẹ fi ẹyọ kan yẹn sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ má fi òmíràn sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ máa kọ bí ọwọ́ ṣe rí láàárọ̀ sínú ìwé kékeré, kí ẹ sì tún padà jẹ ẹ́. Bí ìrora bá padà pẹ̀lú rẹ̀, tí ẹ tún un ṣe tó tún rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa jẹ tòmátò yín. Ẹni tó bá fi ẹran, ẹyin, wàrà, tòmátò àti ata sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ló fẹ́ jẹ? Àrùn yìí ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ń jẹ ẹran ara. A kì í fi ebi kún un.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ náà nìyẹn. Ní 1991, àwọn oníṣègùn ní Norway tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n ní kí àwọn tó ní àrùn yìí gbààwẹ̀ fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, lẹ́yìn náà wọ́n fi oúnjẹ tí kò ní ẹran bọ́ wọn. Ìrora dín kù, àwọn kan sì ṣì ń jàǹfààní rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Mo gbà. Àmọ́ ààwẹ̀ nìkan, bí èèyàn bá ti padà sí oúnjẹ àtẹ̀yìnwá, ìrora náà ń padà. Ẹni tó bá fẹ́ bá ìjọ gbààwẹ̀ tàbí gba ti Ràmàdáànì, kó bi dókítà bó ṣe máa to oògùn rẹ̀, pàápàá ẹni tó ń lo prednisolone tàbí oògùn ìtọ̀ ṣúgà.

Ata ilẹ̀ pupa, èyí tó máa ń kun ọwọ́, ẹ fi sí ọbẹ̀, kò burú. Èyí tí wọ́n ṣe sínú kápúsù, tí wọ́n ní kí ẹ máa gbé mì láàárọ̀ lálẹ́, ẹ jìnnà sí i: irú rẹ̀ ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́, ẹ̀dọ̀ yín sì ti ní methotrexate tó ń bójú tó. Àgbo bẹ́ẹ̀. Ewúro tí ẹ fọ̀ tí ẹ fi se ọbẹ̀, oúnjẹ ni, ẹ jẹ ẹ́. Ẹni tó ń lo prednisolone kó máa jẹ wàrà, edé àti ẹja tí eegun rẹ̀ ṣeé rún, kó sì máa gba oòrùn díẹ̀, nítorí eegun.

Ọwọ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bí mo bá jí, bàsíà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo kọ́kọ́ ń lọ bá. Mo á ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, mo á máa la ìka mi, mo á máa pa á dé lábẹ́ omi, títí àtàǹpàkò á fi lè kan ìka tó kéré jù. Kí ó tó kàn án, n kì í mú ọ̀bẹ. Mo fi aṣọ wé ọ̀pá ọ̀bẹ àti ti ìpọnbẹ̀ kó lè nípọn, torí ohun tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fún oríkèé jù. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbé ìkòkò, mi ò fi ìka kọ́ etí rẹ̀. Fífún ewúro, mo ti fi iyẹn sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ máa rìn lójoojúmọ́, kódà kí ó jẹ́ dé ìyànà. Ọjọ́ tí oríkèé bá wú tó ń gbóná ni kí ẹ rọra.

Bí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ kó gbogbo páálí oògùn dání pẹ̀lú ìwé kékeré yẹn, kí ẹ sì dárúkọ àgbo tí ẹ mu. Kò ní nà yín. Àmọ́ ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá bí ibà bá mú yín nígbà tí ẹ ń lo methotrexate, bí ẹnu bá bó, bí ikọ́ gbígbẹ bá dé tí èémí ń kúrú, bí ẹyin ojú bá pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, bí ara bá ń ṣẹ̀jẹ̀ láìnídìí, tàbí bí ìgbẹ́ bá dúdú. Oríkèé ẹyọ kan tó dédé wú, tó gbóná, tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, lè jẹ́ pé kòkòrò ló wọ̀ ọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, kódà kó jẹ́ lóru.